Àwọn Ọmọ Alákijà Lójú Ọ̀nà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìn-Àjò Ẹ̀kọ́

Àwọn baba wa ni wọ́n sọ ọ́ pé, bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ohun tí òwe yìí ń wí ni ó mú kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa ṣe ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní excursion: pé kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde kúrò láàárín ògiri mẹ́rin, kí ó sì mú wọn lọ fi ojú ara wọn rí ohun tí ìwé ń sọ. Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, a ó sì fi Alákijà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin, ṣe ibi tí a ó ti gbéra.

Alákijà wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Badagry. Bí ènìyàn bá dúró níbẹ̀ tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, Festac àti Mile 2 ni yóò kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà ni yóò dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, yóò kọjá ọjà Trade Fair àti Okokomaiko, yóò sì dé Badagry kí ó tó kan ààlà ilẹ̀ wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Alákijà sí ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀, tí a ti ń ra oúnjẹ alẹ́, tí a sì ti ń fún ara ẹni ní ọ̀nà. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó rò pé ibi ẹ̀kọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìrìn mẹ́ta tí ó ní èrè ńlá fún ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú rélùwéè, ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀kẹrin tún wà tí a kì í kúrò lórí àga láti rìn ín, a ó sì dé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú Festac ni ìrìn àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ni a ó sì fi rìn ín. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí àdúgbò yìí kò mọ ìdí tí a fi ń pè é ní Festac. Orúkọ àjọ̀dún ni. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, Nàìjíríà gba àlejò àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ, fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú káàkiri àgbáyé. Èkejì irú rẹ̀ ni. Dakar, ní ilẹ̀ Senegal, ni a ti ṣe èkíní ní ọdún 1966. Nítorí kí àwọn àlejò náà lè rí ibi wọ̀ sí ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ ìlú tuntun lẹ́bàá ọ̀nà Badagry. Nígbà tí àjọ̀dún parí tí àwọn àlejò sì padà sílé wọn, a fi ìbò pín àwọn ilé náà, àwọn ìdílé sì kó wọ inú wọn.

Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ rìn ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ó sì ní kí wọ́n máa ka àwọn pátákó òpópónà. Wọn yóò rí i pé ìlú náà ní ètò bí igi: àwọn Avenue ni igi náà, àwọn Road ni ẹ̀ka tí ó yọ lára rẹ̀, àwọn Close sì ni ẹ̀ka kéékèèké. Nọ́ńbà Avenue ni a fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn Road, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń wá 22 Road yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Second Avenue ni kí òun gbà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ya èyí sínú ìwé rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá ya ọ̀nà tí ó ti ilé wọn dé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó tó mọ ohun tí a ń pè ní máàpù, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó yà á. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan tí ó ti pẹ́ ní Festac, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sì wí pé, “Baba, ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni ibí yìí ti rí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé?” Ìdáhùn tí wọ́n bá gbà kò sí nínú ìwé kankan.

Inú rélùwéè ni ìrìn kejì. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Èkó, èyí tí a ń pè ní Blue Line, bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina. Kìlómítà 13 ni ọ̀nà náà, ibùdókọ̀ márùn-ún ni ó sì ní. Iná mànàmáná ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Nínú ètò ìjọba, ọ̀nà yìí yóò tún gùn síwájú, yóò kọjá Festac àti Alákijà, yóò sì dé Okokomaiko. Fún ọmọ tí ó ti mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti kékeré, ẹ̀kọ́ ni pé kí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò dúró de ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, kí ó ka ibùdókọ̀, kí ó wo aago, kí ó sì ṣírò ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí ó wà láàárín ìkan àti èkejì. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì gun orí omi ọ̀sà lọ sí Marina, ọmọ náà yóò mọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé erékùṣù ni Ìsàlẹ̀ Èkó.

Kí wọ́n tó dé Marina, ibùdókọ̀ kan wà lẹ́bàá Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè ní Iganmu. Ní ọdún 1976 ni a parí ilé ńlá náà, tí ó rí bí fìlà ológun. Ní ọdún 2024 ni a fi orúkọ Wole Soyinka sọ ọ́. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ kan ti ń fa èkejì! Ọmọ tí ó ti gbọ́ ní Festac pé ibẹ̀ ni àwọn àlejò ọdún 1977 sùn ni yóò gbọ́ níhìn-ín pé ibí ni wọ́n ti jó, tí wọ́n ti kọrin, tí wọ́n sì ti ṣe eré. Apá kan ìtàn náà ni ilé rẹ̀, apá kejì sì rèé.

Láti Marina kò jìnnà mọ́ sí Onikan, níbi tí Ilé Àkójọ Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-èdè wà láti ọdún 1957. Nínú àkójọ ilé yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Nok, ti Ilé-Ifẹ̀ àti ti Bìní wà. Nínú rẹ̀ pẹ̀lú ni ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba, wà nínú rẹ̀ nígbà tí a yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ihò ọta ìbọn wà lára ọkọ̀ náà. Olùkọ́ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ fún àwọn ọmọ pé ìjọba tí a fi ìbọn gbà kì í fún ìlú ní àlàáfíà, kí wọ́n má sì rántí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá dúró níwájú àwọn ihò wọ̀nyẹn yóò dákẹ́, yóò sì rántí.

Ìrìn kẹta ni ó jìnnà jù, òun ni ó sì wúwo jù. Láti Alákijà dé Badagry tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Ó yẹ kí a gbéra ní ìdájí, nítorí ọ̀nà náà kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Ibi ìbànújẹ́ ni kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó mú àwọn ọmọ dé Vlekete, níbi tí ọjà ẹrú wà nígbà àtijọ́, kí ó sì mú wọn dé ilé Seriki Williams Abass, níbi tí a ti kó àwọn ẹrú mọ́ inú yàrá kótópó láti dúró de ọkọ̀ òyìnbó. Ní ilé àwọn Mobee, a fi àwọn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ irin han àwọn àlejò. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà oníyanrìn tí àwọn ẹrú rìn lọ sí etí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí àwọn afinimọ̀nà a máa sọ pé a fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní ìparí ọ̀nà ni òkun wà, ibẹ̀ ni a sì ń pè ní ibi tí a kì í ti í padà.

Níhìn-ín ni ọmọ kan yóò béèrè pé, “Ta ni ó tà wọ́n?” Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dá a lẹ́kun. Òyìnbó rà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa ni ó tà. Seriki Abass tí a dárúkọ yìí, ìtàn rẹ̀ sọ pé a ti ta òun pàápàá lẹ́rú ní kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà bọ̀, òun náà di oníṣòwò ẹrú. Ó ṣòro láti sọ èyí fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ fún un ní ibi tí iyanrìn ń jó o lẹ́sẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ ìró òkun, níbo ni a ó ti sọ ọ́?

Kí olùkọ́ má ṣe kó wọn padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́ nìkan. Ní Badagry kan náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹgbẹ́ C.M.S. kọ́ parí ní ọdún 1845 wà, èyí tí a kà sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ibẹ̀ náà ni a ti ń fi ibi tí igi Agia dúró sí han ènìyàn, níbi tí a ti wàásù Ìhìnrere ní ọdún 1842, ọdún tí Freeman ti Wesleyan àti Townsend ti C.M.S. dé. Igi náà wó ní ọdún 1959. Ní ọdún 1843 ni àwọn Wesleyan dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlú náà, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí ó ń ka A B D ní Alákijà lónìí, ọ̀nà Badagry ni ìwé gbà wá bá a. Ta sì ni ó wà nínú àwọn tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1845? Samuel Ajayi Crowther ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. Nígbà tí ó padà sí etíkun wa, àlùfáà ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Kí àwọn ọmọ gbọ́ èyí nígbà tí iyanrìn Gberefu ṣì wà nínú bàtà wọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ ìrìn-àjò ni ọjọ́ tí owó ń ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ó fi ìwé ránṣẹ́ sílé pé kí òbí san iye báyìí fún ọkọ̀, iye báyìí fún oúnjẹ, iye báyìí fún aṣọ tí a tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sí. Ẹni tí ó ní yóò san. Ìyá tí ó ń ta ẹ̀bà lẹ́bàá ọ̀nà, tí ó ní ọmọ mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, yóò ka ìwé náà, yóò sì ṣe é mẹ́rin sínú àpò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì yóò lọ pẹ̀lú orin. Ọmọ rẹ̀ yóò wà nílé, tàbí kí ó jókòó ní kíláàsì tí ó ṣófo. Èyí tí ó burú jù kò ì tíì dé. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ yóò kọ ọ́ sára pátákó pé kí olúkúlùkù kọ àròkọ lórí “Ìrìn-àjò wa sí Badagry.” Kí ni ọmọ tí kò lọ yóò kọ? Yóò yọjú wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀, yóò sì kọ pé òun rí òkun. Báyìí ni a ń fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọmọ ní irọ́, tí a sì ń fún un ní máàkì lé e lórí.

Ìrìn-àjò tí ó fi ọmọ sílẹ̀ nítorí owó ti sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nù kí ó tó kúrò ní Alákijà. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni èyí: kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ wo iye tí gbogbo ilé lè san, kí ó tó wo ibi tí yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ nínú Festac nìkan ni gbogbo kíláàsì lè ṣe, kí gbogbo kíláàsì ṣe é, kí wọ́n sì ṣe é dáadáa. Bí wọ́n bá lè wọ rélùwéè, ó dára. Bí Badagry bá wù wọ́n, kí a bẹ̀rẹ̀ sí dá owó náà ní díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, bí a ti ń dá èésú. Kí àwọn tí Ọlọ́run bù kún sì san ti ọmọ ẹlòmíràn ní ìkọ̀kọ̀, láìjẹ́ pé a pe orúkọ ọmọ náà ní gbangba. Kí a yọ aṣọ títẹ̀ kúrò nínú owó náà. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tó láti wọ̀ wo òkun.

Àwọn kan yóò wí pé, “Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ṣé ẹ̀rọ kò ti mú ohun gbogbo rọrùn?” Òdodo ni pé ìrìn-àjò ojú ẹ̀rọ wà. Kì í ṣe ohun tuntun pátápátá: láyé àtijọ́, àwọn míṣọ́nnárì a máa fi fìtílà àwòrán han àwọn ènìyàn ní alẹ́, tí àwọn ará ìlú á sì rí àwọn ìlú òkèèrè lára aṣọ funfun. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa, orí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti gba ẹ̀kọ́ fún oṣù púpọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti mọ̀ pé a lè jókòó ní kíláàsì kí a sì wọ inú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní ìlú mìíràn.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kan àwọn ọmọ Festac ju gbogbo ọmọ lọ. Àmì àjọ̀dún ọdún 1977 ni ìbòjú eyín erin ti Ìyá Ọba Idia ti Bìní, ìyá Ọba Esigie. Iṣẹ́ nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni. Kò sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o láti ààfin Ọba Ovonramwen pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun mìíràn, ó sì wà ní British Museum ní London títí di òní. Nígbà tí àjọ̀dún ń bọ̀, Nàìjíríà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá wa, wọ́n kọ̀. A gbẹ́ òmíràn tí ó jọ ọ́. Ọmọ wo ní Alákijà ni yóò lọ sí London láti lọ wò ó? Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, ibùdó kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Digital Benin. Ohun tí a kó láti Bìní tí ó ju 5,000 lọ ni a kó àwòrán àti ìtàn wọn jọ síbẹ̀, láti ilé àkójọ 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Olùkọ́ tí ó ní fóònù kan àti dátà díẹ̀ lè fi wọ́n han gbogbo kíláàsì rẹ̀, àti ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, ní ọjọ́ kan náà. Èyí ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń mú ohun tí ó jìnnà súnmọ́, kò sì béèrè owó ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ̀rọ lè fi Gberefu hàn. Kò lè mú kí ẹsẹ̀ ro ọmọ. Ẹ̀rọ kò ní òórùn omi ọ̀sà, kò sì lè mú kí ọmọ di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá mì. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ẹ̀rọ dípò ìrìn tí ẹsẹ̀ lè rìn. Kí a fi wo London tí a kò lè dé. Kí a sì fi múra Badagry sílẹ̀, kí àwọn ọmọ lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè kí wọ́n tó gbéra. Kò sì yẹ kí a sọ fún ọmọ tí owó rẹ̀ kò pé pé, “Ìwọ jókòó wo ti ojú fóònù, kí àwọn yòókù lọ.”

Ìwọ̀nba ìkìlọ̀ díẹ̀ ni ó kù. Ẹ̀yin òbí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tí yóò wa ọkọ̀, iye àgbàlagbà tí yóò tẹ̀lé àwọn ọmọ, àti aago tí wọn yóò dé. Bí wọn yóò bá gun omi, kí olúkúlùkù ọmọ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ó sì bá a mu. Bí ẹ̀wù kò bá kárí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ọkọ̀ náà. Kí a ka àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá jáde. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí yóò mú ìdáhùn rẹ̀ bọ̀, kì í ṣe ogún ìbéèrè tí yóò mú kí ó máa kọ̀wé dípò kí ó máa wò.

Nígbà tí ọmọ bá sì dé ní alẹ́, tí ó ti wẹ̀, tí ó ti jẹun, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí bàbá gbé fóònù sílẹ̀, kí ìyá jókòó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ròyìn fún yín. Bí ó bá ṣi orúkọ pè, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í ní ohun tí ó rí tí ẹ̀yin kò rí rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbé ẹ̀bá ọ̀nà Badagry fún ogún ọdún láì dé Badagry; ọmọ yìí ni yóò mú wa dé ibẹ̀. Kí táàmù tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ jọ jókòó, kí ẹ yan ibì kan tí gbogbo ọmọ kíláàsì lè dé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí dá owó náà.